Ta Ni Yóò Ṣe Ọkọ Ṣìkẹ́mi?

Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó rin gbingbin ló kọ́kọ́ da Ṣìkẹ́mi àti Fejiro pọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀ ni, lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan àwọn tí yóò kópa nínú eré tẹlifíṣọ̀n tuntun kan tí wọ́n pè ní Yàrá Keje. Eré tọkọtaya kan ni, àwọn tó ń gbé nínú ilé tí ilẹ̀kùn gbogbo yàrá ibẹ̀ dojú kọra.

Àǹtí Dorothy ló ń darí eré náà. Òun kì í ní kí ènìyàn sunkún kí òun wò ó, bí àwọn yòókù ti máa ń ṣe. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni yóò pè síwájú, yóò gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi lé wọn lọ́wọ́, yóò ní, "Ó yá, ẹ fún un." Yóò wá jókòó, yóò máa wò wọ́n.

Ṣìkẹ́mi, ọmọ Apapa, ọmọ alàgbà ìjọ, kò fún bùláńkẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọṣọ nílé wọn. Wọ́n pè é pẹ̀lú Fejiro, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ọmọkùnrin gíga kan tó dúdú dáadáa, ó di etí aṣọ mú, ó ń yí i sọ́wọ́ òsì. Ọmọkùnrin náà ń yí tirẹ̀ sọ́tùn-ún. Aṣọ kàn ń yí bírí láàárín wọn ni, omi kò kán.

"Sístà, sọ́tùn-ún ẹ, abeg," ọmọkùnrin náà sọ. "Báyìí, a máa yí i dé alẹ́ ni."

"Ìwọ ni kó o yí i sósì!"

"Èmi tí mo ti ń fún bùláńkẹ́ẹ̀tì láti kékeré?"

"Ta ló bi ẹ́?"

Ó gbà fún un, ó yí i sósì. Ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi náà ti rò ó nínú ara rẹ̀ pé kí òun gbà, ó sì yí tirẹ̀ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lórí ẹsẹ̀ wọn.

Àǹtí Dorothy dìde. "Ẹ ní kí àwọn tó kù máa lọ sílé," ó ní. "Mo ti rí tọkọtaya mi."

Àwọn kan ráhùn. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó rẹwà ju Ṣìkẹ́mi lọ, wọ́n ní ọmọkùnrin kan ti ṣe fíìmù méjì. Àǹtí Dorothy ní, "Ẹwà ló ń pe èrò wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá jọ ẹni tiwọn ni wọ́n ń jókòó tì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ ó rántí bí ayé ṣe rí kí fóònù tó gba gbogbo ojú wa. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n á lọ dúró sójú fèrèsé ẹni tó ní. Bí iná bá lọ ní ìdajì eré, gbogbo àdúgbò á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n jọ jà lólè. Bí Ajégúnlẹ̀ ṣe wo Yàrá Keje nìyẹn. Ìdòwú ni Fejiro ń jẹ́ nínú eré, nítorí náà gbogbo ayé sọ Ṣìkẹ́mi di Ìyàwó Ìdòwú.

Lọ́jọ́ kan, ìyá aránṣọ kan dá àwọn méjèèjì dúró lójú pópó.

"Ìyàwó Ìdòwú, kí ló dé tó o fi ń jágbe mọ́ ọkọ ẹ lánàá? Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú!"

"Mà, eré ni o."

"Eré kẹ̀? Bẹ̀ ẹ́ níṣojú mi."

Fejiro ti kojú sẹ́yìn, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ó ní, "Madam, màmá ní kó o bẹ̀ mí o."

"Kí n kúnlẹ̀ lo fẹ́ ni?"

"Rárá. Ra púfpúfù fún mi, mo ti dárí jì ẹ́."

Kí púfpúfù náà tó tán, Ṣìkẹ́mi ti mọ̀ pé ìfẹ́ ti kó sí òun lára. Láti ọjọ́ yẹn ni Fejiro ti ń sìn ín lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́. Á ní òun ń sìn ín díẹ̀ ni, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn títí dé Liverpool Road ní Apapa láàárín àwọn trélà. "Ayọ̀ mi," ló máa ń pè é. Kò sí ẹni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, tí kò dà bí irọ́ létí rẹ̀.

Nígbà tó yá, Fejiro wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ kí bàbá Ṣìkẹ́mi. Bàbá jókòó nínú pálọ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Oghenefejiro, sà."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Eré ni mò ń ṣe, sà."

"Mo ti rí ẹ. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ìwọ lọkọ ẹ̀. Nínú ilé tèmi, kò tíì lọ́kọ. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí wọ́n lè fi ẹlòmíì rọ́pò lọ́la."

Fejiro dọ̀bálẹ̀, ó sì jáde. Ó dójú géètì kó tó sọ̀rọ̀. "Ṣìkẹ́mi, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ ilé yìí mọ́, àfi bí Dádì bá fẹnu ara wọn pè mí."

Ẹnu àgbà! Ọdún yẹn kò parí tí ilé-iṣẹ́ tó ń náwó sórí eré náà fi ní Fejiro dúdú jù, pé ẹni tó bá pupa ni yóò bá àwọn ta ìpara wọn. Àǹtí Dorothy jà, apá rẹ̀ kò ká a. Wọ́n mú Olúwadámiláre wá. Arẹwà ni, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Ìdòwú, ńṣe ló ń dà bí àlejò tó ń retí kí wọ́n gbé omi fún òun.

Ṣìkẹ́mi fẹ́ fi eré náà sílẹ̀. Fejiro ní, "Má fi iṣẹ́ ẹ sílẹ̀ nítorí mi." Ẹnu rẹ̀ ní kó dúró, ọkàn rẹ̀ ń retí pé yóò lọ. Ṣìkẹ́mi gbọ́ ti ẹnu.

Ìyá aránṣọ tún dá a dúró. "Ta lo kó wọ yàrá Ìdòwú yẹn? Kí ni Ìdòwú ṣe fún ẹ?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó kẹ̀yìn sí i. Díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró lójú fèrèsé mọ́. Eré kú. Fejiro lọ sí Warri, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Ogún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sí ìgbà náà báyìí. Ṣìkẹ́mi ti di ẹni tó ń bá àwọn oníṣẹ́ fíìmù yan òṣèré, ojú rẹ̀ sì mọ ẹni tó yẹ ẹni. Àwọn ọkùnrin wá fẹ́ ẹ, wọ́n lọ. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Dámiláre ni gbogbo wọn.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé fíìmù jáde, Tóbi, pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀ nítòsí Liverpool Road.

"Àǹtí, a fẹ́ gbé Yàrá Keje padà. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìyàwó. Yasir ló máa ṣe ọkọ."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Yasir?"

"Àǹtí! Mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ló ń tẹ̀lé e lórí Instagram."

"Ṣé mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn ló máa bá mi jókòó nínú yàrá ni? Tóbi, wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ fún mi rí. Eré kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí kò bá ti sí Ìdòwú, ẹ wá ìyàwó mìíràn."

Tóbi họrí. "Ẹ mú un wá ká wò ó. Bí kò bá dáa, Yasir ni o."

Àǹtí Dorothy tó ti darúgbó ló mọ ibi tó wà. Fejiro ti padà sí Èkó, ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can. Ṣìkẹ́mi rí i láàárín àwọn trélà, irun rẹ̀ ti ń funfun, ikùn ti yọ díẹ̀.

"Fejiro."

Ó yíjú padà. "Ìyàwó Ìdòwú."

"Wọ́n ń wá ọkọ."

"Fún eré, àbí fún ẹ?"

"Ti eré la kọ́kọ́ ń wá," Ṣìkẹ́mi dáhùn, ojú tì í bó ṣe sọ ọ́ tán.

Fejiro sọ fún un pé òun fẹ́ ìyàwó ní Warri, pé ó ti ṣaláìsí, pé òun ní ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní Benin. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Mò ń bá àwọn ẹlòmíì wá ọkọ."

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìran tí Tóbi fún wọn ni ti ọkọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Fejiro wọlé, ó jókòó, gbogbo ọ̀rọ̀ tó há sórí sá lọ. Ó ń wo ilẹ̀. Àwọn oníkámẹ́rà ń wo ara wọn. Ṣìkẹ́mi pa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà tì. Ó gba báàgì léjìká ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó ní, "Lọ wẹ̀. Omi wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Fejiro gbé ojú sókè wò ó, omi ti kún ojú rẹ̀. Ó dìde, ó lọ bí ẹni tó ń lọ wẹ̀ lóòótọ́.

Tóbi ní, "Ẹ bá mi pe Yasir. Ẹ ní kó má bínú."

Lóde, Ṣìkẹ́mi di ọwọ́ Fejiro mú. "Jẹ́ ká lọ kí Dádì àti Mọ́mì."

"Mi ò lè lọ, Ayọ̀ mi. O mọ ohun tí mo sọ. Bí mo bá yọ́ wọlé báyìí, ẹni tí wọ́n lé náà ni mo ṣì jẹ́."

"Fejiro, ọkàn Dádì ti ń ṣáko. Nígbà mìíràn, wọn kì í mọ̀ mí. Báwo ni wọ́n ṣe máa pè ẹ́?"

Fejiro rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ṣìkẹ́mi lọ sílé, ó ń sunkún nínú kẹ̀kẹ́. Ó ti rí ọkọ fún eré. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni tó lè dá ọkọ tirẹ̀ padà fún un, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nínú ara rẹ̀.

Ó bá bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì. Bàbá wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Dádì, mi ò lọ́kọ."

"Mo ní, ọkọ ẹ ńkọ́?"

Màmá gbé àwo kalẹ̀. "Wọ́n ti ń béèrè ẹ̀ tipẹ́, mo kàn ń fọwọ́ bò ó ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ pupa yẹn wọ inú eré yín, bàbá ẹ dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, 'Ta nìyí? Èyí kọ́ lọkọ ẹ̀.' Mo ní, 'Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé e?' Wọn ò wo eré yẹn mọ́."

"Mọ́mì! Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n má sọ. Ojú ń tì wọ́n."

Ṣìkẹ́mi tẹ nọ́ńbà Fejiro. Ó fi sí bàbá rẹ̀ létí, ó ń gbọ́ ohùn Fejiro láti inú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Ta nìyẹn?"

Fejiro rò pé orúkọ inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni bàbá arúgbó yóò mọ̀. "Ìdòwú ni, sà."

Bàbá fajú ro. "Ìdòwú wo? Mi ò mọ Ìdòwú kankan. Oghenefejiro ni mò ń wá. Níbo lo wà látàárọ̀? Oúnjẹ ti tutù. Máa bọ̀ nílé."

Ṣìkẹ́mi gbé etí rẹ̀ sún mọ́ fóònù.

"Mò ń bọ̀, sà," Fejiro sọ.

Ó wá lóòótọ́, ó sì jẹ oúnjẹ tútù náà tán. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gba ìyàwó lórí fóònù, pé ó gbọ́dọ̀ lọ bó ṣe yẹ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá láti Ajégúnlẹ̀. Pálọ̀ kún. Agbẹnusọ wọn wúkọ́, ó ní òdòdó kan ni àwọn rí nínú ọgbà yìí, àwọn sì wá tọrọ rẹ̀.

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo Fejiro. Ó wo Ṣìkẹ́mi.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ò yé mi. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fi ọmọ kan náà fún ọkọ kan náà ni?"

Màmá fi gèlè bojú. Fejiro dìde láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní. "Ẹ bá mi tún un fún mi. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò sí nílé."

Bàbá nawọ́ sí Ṣìkẹ́mi.

"Ó dáa," ó ní. "Mú un. Ṣùgbọ́n má tún pẹ́ níta báyẹn mọ́."