Amọ̀ Tútù Lẹ́nu Igi

Obìnrin mẹ́rìnlá ló wà nínú àgbàlá, ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù ni gbogbo wọn. Wọ́n wá bá Ìyá Àgbà dúpẹ́ pé ara rẹ̀ yá, ó sì ń padà sí yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òun ló ṣáájú wọn. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn.

Àsàmáù, ọmọ ọmọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi. Àtẹ̀gùn ló ń wò. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ yàrá òkè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun. Suleiman, bàbá Àsàmáù, ló kan pákó rẹ̀. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, ó fara ti òkè ní Ọ̀kà. Ògiri rẹ̀ kò lè gbé kọnkéré, owó kọnkéré kò sì sí. Oṣù mẹ́ta ni Suleiman fi ń ṣa àjákù pákó níbi tí wọ́n ti ń la igi ní Ìkàrẹ́, èyí tó tẹ̀, èyí tó kúrú. Ó sá wọn gbẹ. Ó fá wọn. Ó fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kùn wọ́n nítorí ikán. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ilé aládùúgbò ni Ìyá Àgbà ń sùn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Suleiman gbé lé Àsàmáù lọ́wọ́ kí ó tó kan pákó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Igi ìdábùú mẹ́sàn-án ló gbé ilẹ̀ yàrá náà. Ikán kì í ti àárín bẹ̀rẹ̀. Ibi tí igi ti wọ inú ògiri ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Kí ó dúró lórí àkàbà nísàlẹ̀, kí ó fọ́ amọ̀ ẹnu igi kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ìṣó gún un. Bí ìṣó bá wọlé láìlo òòlù, igi ti kú. Bí kò bá wọlé, kí ó fi amọ̀ tútù dí i padà.

Ó ti yẹ mẹ́rin wò nígbà tí Florence, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dé. Kíláàsì wọn fẹ́ ya fọ́tò ìdágbére ní Ìkàrẹ́, mọ́tò sì ń dúró. Àsàmáù ní òun kò tíì ṣe tán. Florence wo ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Káfíńtà, ta ni yóò mọ èyí tí o gún àti èyí tí o kò gún?"

Lóòótọ́, amọ̀ tútù nìkan ni ẹ̀rí. Àsàmáù bu amọ̀, ó fi kun ẹnu igi márùn-ún tó kù láìfọ́ wọn. Ó fọwọ́, ó lọ. Nígbà tí ó padà, bàbá rẹ̀ wòkè, ó rí amọ̀ tútù yíká. Ó bi í bóyá gbogbo wọn le. Àsàmáù ní wọ́n le. Lọ́jọ́ kejì, Suleiman bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó.

Ìyá Àgbà ti dé àárín àtẹ̀gùn báyìí. Suleiman dúró lókè, ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Àlàájà Limota, tó sanra jù nínú àwọn obìnrin náà, gbójú sókè.

"Suleiman, ṣé pákó rẹ gba irú mi?"

"Ẹ máa bọ̀, ìyá mi. Erin pàápàá, yóò gbé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àsàmáù kò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ojú yóò ti bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Bóyá igi náà le. Bóyá kò le. Kò mọ̀, àìmọ̀ yẹn ló sì ń bà á lẹ́rù.

Ó gbé korobá sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Igi márùn-ún ni n kò fọ́. Mo kàn fi amọ̀ kùn wọ́n ni. Mo pa irọ́ fún yín."

Suleiman kò pariwo. Ó sọ̀kalẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ó gbé àkàbà wọ yàrá ìsàlẹ̀. Àsàmáù tẹ̀ lé e.

Suleiman fọ́ amọ̀ igi karùn-ún. Ìṣó kò wọlé. Ẹ̀kẹfà, kò wọlé. Ní ti ìkeje, Suleiman fi àtàǹpàkò ti ìṣó, ó sì wọlé títí dé orí. Ó fà á yọ. Erùpẹ̀ ikán dà sí i lójú. Bákan náà ni ìkẹjọ rí. Ìkẹsàn-án le.

Ó fi apá nu ojú.

"Orí èyí gan-an ni wọn ì bá jókòó lé," ó ní.

Àgbàlá ni àwọn obìnrin náà ti ṣe àdúrà. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Àlàájà Limota dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àsàmáù.

"O pẹ́ kí o tó sọ. Ṣùgbọ́n o sọ kí n tó gun àtẹ̀gùn. Bí ara mi ṣe tóbi tó ni mo dúpẹ́ tó."

Suleiman tú ilẹ̀ náà. Ìdajì àwọn pákó là nígbà tí ó ń fa ìṣó wọn. Kò sí òmíràn. Òjò dé. Ilé aládùúgbò ni Ìyá Àgbà ti lo gbogbo àsìkò òjò. Àsàmáù ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un, òjò ń pa á lọ, òjò ń pa á bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà náà jẹun tán, ó wò ó.

"Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ti ìwọ yìí, èmi ni ì bá tọ̀."

Àsàmáù kó abọ́ rẹ̀, ó sì padà sínú òjò.

Nígbà tí igi tuntun méjì dé, Suleiman kò fi ìṣó lé e lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ wọ́n wò, ọmọ rẹ̀ sì dúró, ó ń wò ó. Ìyẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Iṣẹ́ tí ojú kò rí ni ẹsẹ̀ ẹlòmíràn máa ń dúró lé. Ẹ ṣe é tán, ẹ̀yin ọmọ. Bí ẹ kò bá sì ṣe é, ẹ sọ, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.