Stamatis Mẹ́rin

"Ka orúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan kó o tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́," ni Evanthia, ìyá àgbà tó bí ìyá Sevasti, wí. Ó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bó ẹ̀wà tútù.

"Ṣé igba orúkọ, Màmá? Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀! Lẹ́tà kan ni mo kọ. Á mú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ orúkọ yìí, á fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tirẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀."

Ojú ìyá àgbà ti ń ṣú. Dókítà ní tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, kò ní ríran mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń pe gbogbo ẹbí wálé sí erékùṣù wọn fún ọdún Màríà nínú oṣù kẹjọ, kó lè rí ojú wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Sevasti! Ṣé ìdí kọ̀ǹpútà lo máa gbó sí ni?" Garifalia, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pariwo níta. "A ti ń lọ sétí òkun o!"

Ni Sevasti bá ń kánjú. Ó rí Stamatis Kalafatis lẹ́ẹ̀mẹrin nínú àtẹ. "Ta ló tún kọ eléyìí ní àkọtúnkọ báyìí?" Ó pa mẹ́ta rẹ́, kò tiẹ̀ wo ímeèlì ẹ̀gbẹ́ wọn. Lẹ́tà lọ, òun náà sáré lọ.

Èsì ń wọlé, ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kẹta, ó béèrè pé, "Stamatis ńkọ́?"

"Ó ní òun ń bọ̀ láti Piraeus, Màmá."

"Ti Melbourne ni mò ń wí. Èmi ni mo tọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Àbí mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Omi lé ròrò sí i lójú.

Orúkọ mẹ́ta tó pa rẹ́ sọ sí Sevasti lọ́kàn. Ó sáré ṣí ẹ̀dà àtẹ tó wà kó tó pa wọ́n rẹ́. Yéè! Ímeèlì mẹ́rin, èèyàn mẹ́rin! Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ àkọ́bí wọn ọkùnrin ní orúkọ bàbá tó bí àwọn. Ọmọ erékùṣù wo ni kò mọ àṣà yẹn? Sevasti gan-an, orúkọ ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́.

Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo pa orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn méjì míì rẹ́."

Ìyá àgbà fà á dìde. "Á ti gbọ́ pé gbogbo ẹbí gba lẹ́tà àfi òun. Bá mi pè é."

Ohùn ọkùnrin náà wúwo lórí fóònù. "Àǹtí, mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni."

"Kí n gbàgbé rẹ kẹ̀? Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́!" Ni àwọn méjèèjì bá ń sunkún, Sevasti náà ń sunkún. Lójú ẹsẹ̀ ló fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn méjì tó kù.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún Màríà, Stamatis mẹ́rin ló sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n. Ó pẹ́ lórí ti ẹni Melbourne.

"Sevasti, bá mi kà wọ́n."

"Mẹ́rin ni wọ́n, Màmá. Wọ́n pé."

Láti ọjọ́ náà, Sevasti kì í fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́ láìka orúkọ inú àtẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti mọ̀ pé gbogbo orúkọ ló lẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, tó sì ń retí kí wọ́n rántí òun.