Ìkarahun Tí Fáànù Gbé Lọ

Iná abẹ́ maikirosikóòpù ló jó, òun ló gbé Kíkẹ́lọmọ dé ṣọ́ọ̀bù Àyúbà ní àdúgbò Nàtákò ní Lọ́kọ́ja. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni Àyúbà ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí irú ojú yẹn tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe?

Nígbà tó ṣe é tán, ó yọjú wò ó. Ìkarahun ló rí, tó kéré ju hóró iyanrìn lọ, róbótó-róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n gbé láyé àtijọ́," ni Kíkẹ́ wí. "Ọ̀gá mi ní yunifásítì ló kó wọn fún mi. Òkun ńlá méjì ń pàdé láàárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì nígbà náà. Ilẹ̀ wá gòkè, ó dí ọ̀nà náà pa."

"Bíi kí wọ́n ní kí Bẹ́núè má pàdé Ọya mọ́?"

Kíkẹ́ wò ó dáadáa. "Bẹ́ẹ̀ gan-an. Omi yí ìrìn padà, oúnjẹ tó ń bọ́ sísàlẹ̀ yí padà. Àwọn kan run, àwọn kan yè é. Àwọn wo ló yè é? Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá Kíkẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Obed, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì sí àdúgbò Crusher, kì í dárúkọ Àyúbà. "Mẹkáníìkì yẹn" ló ń pè é. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní fún ọmọ rẹ̀: "Bí iṣẹ́ rẹ bá dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹbí rẹ̀ máa bọ̀. Bí kò bá dé, ọ̀rọ̀ ti parí."

Lọ́jọ́ Ajé, Àyúbà wá kí Kíkẹ́ ní yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Kò síná. Ooru Lọ́kọ́ja sì rèé, ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́ ṣì ń rántí rẹ̀ lára. Àyúbà tẹ súìṣì fáànù, kò yí, ó gbàgbé láti pa á. Àwọn méjèèjì bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò.

Lójijì, àdúgbò hó yèè: iná dé!

Kíkẹ́ sáré wọlé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìkarahun mọ́kànlélọ́gọ́ta tó fi oṣù mẹ́rin ṣà, tí kò tíì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ti fò kúrò lórí àwo.

"Ta ló tan fáànù?" Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni, sà," ni Kíkẹ́ dáhùn kíá.

Àyúbà lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀. "Nítorí mi ló ṣe purọ́, sà. Èmi ni."

"Mo mọ̀! Jáde nílé mi!"

"Màá jáde, sà, tí mo bá rí wọn."

"Ohun tójú ò rí lo fẹ́ wá?"

"Èmi tó ń wá síkúrù nínú iyanrìn odò, sà?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Kò sì lé e mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àyúbà fi rákò nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kó eruku jọ, Kíkẹ́ ń fi asẹ́ ṣàn án. Òógùn bò wọ́n. "Àyú mi, sinmi díẹ̀." Àyúbà kọ̀, ó ń rákò lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ku mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn gan-an ni irú tó yè é lẹ́yìn tí ọ̀nà òkun dí. Láìsí wọn, iṣẹ́ ò lè dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kíkẹ́ bú sẹ́kún.

Ẹsẹ̀ kan dún lẹ́yìn wọn. Bàbá ti wọ awò ojú rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ dún, ó ká etí ẹní sókè.

"Ẹ ò wo abẹ́ ibí."

Kíkẹ́ fi omi kan ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀kan. Ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó mí.

Bàbá dìde, ó gbọn eruku nù lórúnkún.

"Kíkẹ́," ló wí, láìwo ẹnikẹ́ni, "ọkọ rẹ ti jẹun láti àárọ̀ bí?"