Oúnjẹ Àwọn Ajẹpo

Omi inú kànga àyẹ̀wò tó mọ́ lóló láàárọ̀ tún ti ń rùn bẹntiróòlù nígbà tí ọ̀sán pọ́n. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti tojú sú Fadérera, ọ̀gá àwọn tó ń fọ abẹ́ ilẹ̀ Ìsunlá mọ́. Ó gbé ìgò omi náà sí imú, ó tún gbé e sí imú.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ti ń lọ sóṣùpá bí ẹni lọ kí àna, kò sì sí ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ará àtijọ́ dà sílẹ̀ kò bá wọn lọ sọ́run. Táńkì ilé epo kan ti jò wọnú ilẹ̀, epo náà sì ń yọ́ rìn lọ síbi kànga ńlá tí gbogbo ìlú ń mu. Ìdí nìyẹn tí Fadérera fi kó àwọn ajẹpo dé. Ohun ẹlẹ́mìí àfọwọ́dá ni wọ́n, ojú lásán kò lè rí wọn, epo nìkan sì ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ebi á pa wọ́n kú, ilẹ̀ á sì mọ́. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́ tán, ìjọba á dí kànga ìlú pa, gbogbo Ìsunlá á sì kó kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Ọmọ Ìsunlá ni Fadérera fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kó wọn dé, Baálẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Ohun tí a ò fojú rí, a ò lè gbà á sábẹ́ ilẹ̀ wa."

Fadérera kúnlẹ̀. "Baba, ẹ kà wọ́n sí àwọn tí ẹ bẹ̀ lọ́wẹ̀. Wọ́n á bá wa ṣiṣẹ́, wọ́n á sì lọ."

Ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ yé àwọn àgbà, wọ́n gbà. Inú Fadérera dùn sí ọgbọ́n ẹnu ara rẹ̀.

Wàyí o, ọgbọ́n ti tán. Ó pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó jágbe mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, omi ṣì ń rùn. Ojú-abẹ́lẹ̀, awò tó ń fi inú ilẹ̀ hàn, sọ pé àwọn ajẹpo ń pọ̀ sí i. Kí ló dé tí olùjẹ ń pọ̀, tí oúnjẹ kò dín? Orí Fadérera dàrú pátápátá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, òun kò lè jẹ. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo kànga àyẹ̀wò. Ni Màmá Morádéun, opó ẹni tó ni ilé epo yẹn, bá yọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ó ṣí ìdérí kànga, ó ń da bẹntiróòlù sí i.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń fún wọn lóúnjẹ ni." Ara ìyá náà kò tilẹ̀ bù máṣọ. "Lára èyí tí bàbá Morádéun fi pamọ́ ni. Ṣé o ní ọ̀wẹ̀ la bẹ̀? Ta ní ń bẹ ọ̀wẹ̀ tí kì í bọ́ ọlọ́wẹ̀? Ẹ̀yin ń lọ jẹun lọ́sàn-án, àwọn ń kọ́?"

"Ebi ló yẹ kó pa wọ́n kú, Màmá!"

"Háà! Lẹ́yìn tí wọ́n bá wa ṣiṣẹ́?" Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "O ní wọ́n á lọ ni. O ò ní ebi la máa fi pa wọ́n."

Fadérera fò dìde. Ó sáré lọ yí ojú-abẹ́lẹ̀ sísàlẹ̀ sí i. Gbogbo ajẹpo ló rọ́ sábẹ́ kànga àyẹ̀wò bí ọmọdé tó yí alákàrà ká. Ta ni yóò fi àkàrà gbígbóná sílẹ̀ lọ jẹ ẹ̀kọ àná? Èyí tí Màmá ń dà sílẹ̀ lọ́sàn-án ni wọ́n ń jẹ tán kílẹ̀ tó mọ́, wọn kò fọwọ́ kan epo àtijọ́ mọ́. Epo náà ti rìn kọjá lẹ́yìn wọn, ó ti wọ kànga ìlú.

Ìjọba dí kànga náà pa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Màmá Morádéun wá bá Fadérera lẹ́nu ọ̀nà ilé baba rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n wà, Màmá. Ní báyìí tí kò sẹ́ni tó ń bọ́ wọn, wọ́n á padà sídìí epo àtijọ́. Omi náà á mọ́ bó pẹ́ bó yá."

Ìyá náà wo àwọn ilé tó ti ṣófo. "Bó bá wá mọ́, ta ni yóò wà níbí láti mu ún?"

Fadérera gba ẹrù orí ìyá náà, wọ́n sì jọ ń lọ.