Ọ̀rọ̀ Tí Dúrójaiyé Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ Tán

Láyé ìgbà tí tẹlifóònù ṣì ṣọ̀wọ́n ní Ẹ̀jìgbò, tí ẹni tó bá fẹ́ gbúròó ọmọ rẹ̀ ní Àbíjàn ní láti wọ mọ́tò wá láti oko, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dúrójaiyé. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ọlọ́run fún un níṣẹ́, ó wá fi iṣẹ́ náà gbéra ga.

Dúrójaiyé kì í fún oníbàárà ní fóònù mú. Ó ní àwọn ará oko ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á kàn máa kí ara wọn títí láìnì á fi já. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn jíṣẹ́, iṣẹ́ mẹ́ta péré ló sì ní fún gbogbo ayé: àlàáfíà la wà, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́, a ti rí èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ gbà. Kí o tó yanu, ó ti mú ọ̀kan fún ọ.

Olúrántí ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kọjú sí i, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Ó kìlọ̀ fún un títí pé kó máa béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀rín ni Dúrójaiyé ń rín.

"Kí ni mo fẹ́ béèrè? Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ tí mi ò tíì gbọ́ rí."

Bí Olúrántí bá wá dárúkọ Jésù, á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ ọjà kan, màmá kan tó ń jẹ́ Àpèkẹ́ wá láti Masifa. Àyàndá ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, Làmídì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì wà ní Àbíjàn. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ikú wálé. Màmá rọra ní, "Bá mi sọ fún Làmídì pé bàbá rẹ̀ ti fúyẹ́..."

Àyàndá ti rù kan eegun, ó fúyẹ́ débi pé màmá nìkan ló ń gbé e jókòó. Ohun tí màmá ń sọ nìyẹn, pé kí ọmọ tètè wá. Ó ní òun ò tíì sọ tán. Dúrójaiyé gbọ́wọ́ sókè sí i, láìnì ti wọlé. Ó wọ yàrá tí fóònù wà, ó ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo ọjà, ó sì sọ fún Làmídì pé *ara* bàbá rẹ̀ ti fúyẹ́, kó fọkàn balẹ̀, àlàáfíà ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló fi kún un. Háà! Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Èyí tó dé inú Dúrójaiyé kò di odidi.

"Ó ti gbọ́, màmá," ló wí nígbà tó jáde. Ó pe ẹni tó kàn.

Àpèkẹ́ lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ ń bọ̀. Àyàndá ní kí wọ́n tẹ́ ẹní òun sẹ́nu ọ̀nà. Bí mọ́tò bá ti dún, á gbórí sókè. Ó ń béèrè Làmídì títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló kú sí, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà. Màmá kò fẹ́ fi tẹlifóònù túfọ̀ fún ọmọ.

Nígbà tí Làmídì wálé ọdún Iléyá, ayọ̀ ló gbé bọ̀. Ó ra bàtà tuntun fún bàbá tí ara rẹ̀ ti yá. Ibojì ló bá. Ó wá bá Dúrójaiyé, àwọn èèyàn rò pé yóò jà, ṣùgbọ́n kò jà. Ó gbé bàtà náà lé orí tábìlì.

"Ẹ̀yin lẹ bá wa jíṣẹ́ ọjọ́sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí jíṣẹ́ fún bàbá mi."

Ó jáde, ó fi bàtà sílẹ̀.

Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá dún, bàtà yẹn ni Dúrójaiyé á kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ sí Masifa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àpèkẹ́, ó ní kí màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ èyí tí òun ò jẹ́ kí wọ́n sọ. Màmá dá a lóhùn:

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò níbi tó ń lọ mọ́."

Ṣọ́ọ̀bù Olúrántí ló sunkún dé. Olúrántí kò wàásù púpọ̀. Ó sọ ti afọ́jú kan fún un, tó ń ké pe Jésù, tí àwọn èrò ń ní kó panu mọ́. Jésù rí i pé afọ́jú ni, síbẹ̀ ó dúró, ó bi í ní ohun tó fẹ́.

"Dúrójaiyé, kí ni ìwọ ń fẹ́ kó ṣe fún ọ?"

Ẹni tó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ kúnlẹ̀. Ó ní, "Kó dárí jì mí. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí." Kristi sì gbà á níbẹ̀, láàárín pákó.

Dúrójaiyé yọ ilẹ̀kùn yàrá fóònù dànù. Ó ń béèrè lọ́wọ́ oníkálukú, ó ń jókòó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ń fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Àpèkẹ́ kò tún yà síbẹ̀ mọ́, bàtà náà sì wà lórí tábìlì.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ náà ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí o máa ń sọ fún Ọlọ́run láràárọ̀ kí o tó sáré jáde. Ó ń bá ọ sọ̀rọ̀, o gbọ́wọ́ sókè sí I. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwọ náà yóò fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò ní níbi tó ń lọ mọ́. Lónìí, Jésù dúró, ó ń bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Un. Kò ní gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Sọ ọ́ tán.