Ẹ́ńjìnì Darlene Kì Í Gbóná

Tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀ ní ìlú Nordby, òórùn ọ̀dúnkún àti ẹran lílọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò á ti gba gbogbo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ibẹ̀ ni Darlene Tveit máa ń kọ ìdí bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí. Á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á sì máa to abọ́ oúnjẹ gbígbóná sínú àpótí: abọ́ mẹ́tàdínlógún, fún arúgbó mẹ́tàdínlógún tí wọn kò lè jáde nílé mọ́.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Darlene, opó sì ni. Ọkọ rẹ̀ ló fi bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ fún un. Ó ti lé ní ogún ọdún, ìpẹtà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tí obìnrin yìí ń fi yangàn tó o.

"Ìgbà òtútù o, ìgbà ooru o, ẹ́ńjìnì mi kì í gbóná," á máa wí. "Ìsàlẹ̀ pátápátá ni abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn máa ń wà. Ta ló tún ní irú ẹ̀ ní Nordby?"

"Ìwọ nìkan náà ni," Bernice Stenerud á dáhùn. Bernice ni alága ìgbìmọ̀ oúnjẹ yìí, òun àti Darlene sì jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní iléèwé. "Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí ni ọkọ̀ ẹ. Bó bá ṣe èèyàn ni, pásítọ̀ ì bá ti pè é sí kọ̀rọ̀ bá a wí."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹjọ, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Gálọ̀nù epo márùndínlógójì ni ìgbìmọ̀ ń fún Darlene lọ́sẹ̀, kì í sì í tó o. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, àpò ara rẹ̀ ló fi ń ra èyí tó kù.

"Darlene, jókòó," ni Bernice wí lọ́jọ́ kan.

"Mi ò jókòó. Ohun tó o fẹ́ sọ, sọ ọ́."

"Ilé mẹ́rin tó wà lójú ọ̀nà odò yẹn jìnnà jù. Bí epo bá ṣì ń tán báyìí títí òpin oṣù tó ń bọ̀, a ò ní lè máa lọ mọ́. Oúnjẹ dídì inú fírísà la ó máa fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì."

"Oúnjẹ dídì? Ta ló máa wá wo ojú Alvin?"

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Darlene gbé oúnjẹ dé ilé Alvin Brekke, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ó sì bá bàbá náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó ti ṣubú láti ìdájí. Ká ní àpótí oúnjẹ dídì ló dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà ni, òkú ni wọn ì bá bá nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn Darlene nígbà tó lọ síbi ọjà ayẹyẹ ìkórè ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun dúró lábẹ́ àgọ́, ó ń ṣẹ́wọ́ sí i.

"Ẹ wá, Mọ́mì! Ọkọ̀ yín ń jẹ epo, àbí?"

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó hàn lójú yín." Ó mú nǹkan kékeré kan jáde, tí kò ju páálí ìṣáná lọ. "Ẹ kàn ki èyí bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn. Á máa bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Epo tó ń gbé yín lọ máìlì mẹ́ta, á gbé yín dé mẹ́rin. Bí mo bá parọ́, kí n má ṣe délé."

Darlene san ọgọ́ta dọ́là. Nígbà tó ki nǹkan náà bọ inú ihò, iná aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí oògùn gidi. Kò ra epo kún epo mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń fi iye epo hàn ti kú tipẹ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn, iye máìlì ni Darlene fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó rà. Ní báyìí, ó fi ìdámẹ́ta kún ìṣirò rẹ̀, nítorí ọkùnrin abẹ́ àgọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, lójú ọ̀nà odò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá oko òdòdó-oòrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Oúnjẹ mẹ́rin ṣì wà lẹ́yìn. Darlene fọwọ́ lé sítíárìn. Epo ti tán.

Ó pe Lupe Arriaga lórí fóònù. Lupe ni mẹkáníìkì tó ń tún bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ṣe ní àgbègbè náà, ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ oko ní Nordby, tí Lupe ṣì kéré, ilé Darlene ni wọ́n ti lo ìgbà òtútù kan gbáko. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Màmá.

Lupe dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan títí wọ́n fi pín oúnjẹ náà tán. Alvin ni wọ́n bá kẹ́yìn, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"O ti pẹ́," ó ní. "Mo rò pé o ti kú ni."

"Bàbá, bí mo bá fẹ́ kú, màá kọ́kọ́ gbé oúnjẹ yín wá ná."

Inú Alvin dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé láti bínú. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, Lupe rí iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ohun tó ń dín epo kù ni."

"Ẹ̀yin tí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ tán mọ́ lójú ọ̀nà?"

Lupe yọ ọ́, ó fi èékánná ṣí i. "Ẹ wo inú rẹ̀. Gílóòbù kan, wáyà méjì. Kò bá ọpọlọ kankan sọ̀rọ̀. Òun gan-an ò lọ́pọlọ." Lẹ́yìn náà ló rí ìwé àlẹ̀mọ́ kan tí wọ́n ya òdòdó sí, lójú pátákó iwájú ọkọ̀. "Èyí ńkọ́? Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Òdòdó lásán ni."

"Màmá."

"Iná kékeré kan ni. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń tàn. Ọkọ̀ ṣì ń lọ, mo rò pé iná náà ló ya wèrè."

Lupe ṣí i. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì ń wò wọ́n. Ó mi orí. "Iná tó ń sọ òdodo, ẹ fi òdòdó bò ó. Iná tó ń parọ́, ẹ fi ọgọ́ta dọ́là rà á."

Ọ̀rọ̀ náà dun Darlene, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa á. Ó wá gbé àyà sókè. "Kò burú. Ṣùgbọ́n wo abẹ́rẹ́ ooru yẹn ná. Ẹ́ńjìnì mi kì í gbóná!"

Lupe rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àìsàn nìyẹn o! Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ yẹn gòkè dé àárín. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà tó ń dá omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù dúró, títí ẹ́ńjìnì á fi yá. Tiyín ti há ní ṣíṣí. Ẹ́ńjìnì tí òtútù mú, epo ló fi ń yáná. Ṣé kóòtù kọ́ lẹ máa ń wọ̀ nínú ọkọ̀ yìí nígbà yìnyín?"

"Mo rò pé gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́ ni."

Ohun tí Darlene ti fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí, àṣé àbùkù ni. Ojú tì í. Lupe rí i, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ọkọ̀ yìí ò tíì kú, Màmá. Màá wá bá yín nílé ní Sátidé. Ọwọ́ yín la máa fi tún un ṣe, kì í ṣe ọwọ́ mi."

Àárọ̀ Sátidé, kí táyà tó yí rárá, Lupe ti dé ọgbà Darlene. Ó na géèjì sí i. "Ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú táyà kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má wo èyí tó wà lára táyà, ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà."

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni afẹ́fẹ́ wọn kò tó. Darlene fẹ́ afẹ́fẹ́ kún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Lábẹ́ ìjókòó, àpò iyanrìn mẹ́rin tó kó sí i nítorí yìnyín ọdún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀.

"Oṣù kẹsàn-án rèé, Màmá. Ta lẹ ń gbé iyanrìn fún?"

Orí òrùlé ọkọ̀ ló wá le jù. Irin tí ọkọ rẹ̀ máa ń di àkàbà mọ́ ṣì wà lókè, òfìfo. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin náà pọ̀. Darlene fọwọ́ lé e, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ lè fi í sílẹ̀," ni Lupe wí. "Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fà á lójoojúmọ́, epo sì ni ẹ fi ń bá afẹ́fẹ́ jà."

"Ọkọ mi kò fẹ́ràn ìfiṣòfò," Darlene ní. Ó mú sípánà, ó tú bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fúnra rẹ̀, ó sì gbé irin náà kọ́ sára ògiri gáréèjì.

Lupe fi ẹ̀rọ kékeré kan ka ohun tí iná pupa náà ti ń sọ láti ọdún méjì. Ohun èlò kan tó wà lára páìpù èéfín, tó ń sọ fún ọkọ̀ bóyá epo pọ̀ jù, ló ti bàjẹ́. Wọ́n ra tuntun, wọ́n ra ilẹ̀kùn omi náà pẹ̀lú. Owó méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ọkùnrin abẹ́ àgọ́ gbà lọ. Lupe ń júwe, Darlene ń tú, ó ń dè, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, abẹ́rẹ́ ooru gbéra díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró sí àárín. Iná pupa ti kú. Darlene pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

"Ó ku ẹsẹ̀ yín," Lupe ní. "Ẹ má sáré àádọ́rin máìlì ní wákàtí kan mọ́, márùndínlọ́gọ́ta ti tó. Tẹ́ ẹ bá dé ilé ẹnì kan, ẹ pa ẹ́ńjìnì, àfi tí òtútù bá le koko. Ilé mẹ́tàdínlógún lẹ ti ń jó epo lásán. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán o. Ẹ rọ epo kún táńkì, ẹ kọ máìlì sílẹ̀, ẹ tún rọ ọ́ kún, kẹ́ ẹ wá fi gálọ̀nù pín máìlì."

Darlene ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Gálọ̀nù kan tó ń gbé e lọ máìlì méjìlá tẹ́lẹ̀ ti ń gbé e dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé ní òpin oṣù, ó dìde.

"Epo yín kò tán," ó ní. "Gálọ̀nù mẹ́ta ló ń ṣẹ́kù lọ́sẹ̀."

Bernice wò ó lókè-nílẹ̀. "Mẹkáníìkì wo ló bá ọ ṣe é?"

"Lupe ló kọ́ mi. Ọwọ́ yìí ló ṣe é." Ó na èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kò tíì lè fọ̀ mọ́ sí wọn, bí ẹni na òrùka ìgbéyàwó. "Ilé mẹ́rin yẹn ò kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ mú orúkọ obìnrin tó wà lókè odò, tó ti ń dúró de oúnjẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gálọ̀nù mẹ́ta yẹn á gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, abọ́ méjìdínlógún ló wà nínú àpótí.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ní ọkọ̀ tó ti dàgbà, ẹ gbọ́. Kò sí gílóòbù tí ẹ máa kì bọ ihò tó máa sọ epo di púpọ̀. Ẹni tó bá tà á fún yín, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bí Darlene ti ṣe nígbẹ̀yìn. Iná tó bá tàn níwájú yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ kà á, ẹ má bò ó. Ẹ wọn táyà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ gbé ẹrù tí ẹ kò lò kúrò. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná jù tàbí tó tutù jù, ẹ wádìí rẹ̀. Ẹ rọra wakọ̀, ẹ sì máa kọ máìlì yín sílẹ̀, torí òǹkà kì í tan ẹnikẹ́ni. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ọkọ̀ tuntun kí epo yín tó tó yín lò. Ẹ tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi í yangàn.