Ìpè Tí Mo Bá Màmá Dáhùn

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Àpò lásán ni."

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa sọ ọ́ nìyẹn. Àpò sìmẹ́ńtì kan wà láàárín títì, ikùn rẹ̀ wú díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ yòókù ń yà fún un, wọ́n sì ń kọjá lọ. Tiwa nìkan ló dúró. Òógùn bo ojú ìyá mi, bẹ́ẹ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, aago mẹ́sàn-án sì ni ìdánwò báyọ́lọ́jì mi máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi yí ọkọ̀ padà, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, èyí tó jìn ní ìlọ́po méjì, tí àwọn tó ń tún títì ṣe sì ti dí ìdajì rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwé, aago mẹ́sàn-án ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Olùṣọ́ ìdánwò ti ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òfin kò mọ ẹni tí ọ̀nà dí fún, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo fi ìbínú jáde. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó nàró ṣánṣán bí ẹni tó ń retí àṣẹ ọ̀gá. Ìyẹn tún bí mi nínú. Mo sọ ọ́ sí i lójú, níwájú àwọn tó ń kọjá:

"Nígbà tí ẹ ò sí nílé, mi ò pẹ́ dé ibì kankan rí. Ẹ ò bá ti kúkú dúró síbi tí ẹ wà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á.

Sójà ni ìyá mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Ìyá Ọkọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò lójú ogun. Ní gbogbo àkókò yẹn, èmi ló ń se oúnjẹ, èmi ló ń fọ aṣọ, èmi ló ń rán bàbá mi létí pé káfíńtà náà máa ń jẹun. Nígbà tó dé, mo rò pé wàhálà ti parí. Wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń yẹ ilẹ̀kùn wò kí a tó jẹun àárọ̀. Lọ́jọ́ tí pákó kan já bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, abẹ́ tábìlì la ti bá ìyá mi. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀. Tó bá sì wọ ilé ìdáná, mo máa ń gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń ní kó lọ sinmi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, nọ́ọ̀sì kan pè láti ilé ìwòsàn àwọn sójà. Ìyá mi wà ní balùwẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ó ń sùn dáadáa, bóyá àyà rẹ̀ ń já lójú títì. Ó ní ní gbogbo Ọjọ́rú, àwọn tó ti ojú ogun dé máa ń pàdé pẹ̀lú ẹbí wọn, dókítà á sì bá wọn sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn tó kọjú sí ilé ìwé wa gan-an ni wọ́n ti ń pàdé. Mo ro ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa sọ: orí ìyá ẹ ti dàrú. Mo bá dáhùn pé àlàáfíà ni, pé fọnfọn ló ń sùn. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́, èmi náà sì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìdánwò tí mi ò ṣe, mo rí fọ́ọ̀mù kan lórí tábìlì. Ìyá mi fẹ́ bá àwọn tó ń lọ lóṣù tó ń bọ̀ padà sójú ogun. Kó buwọ́ lù ú nìkan ló kù. Mo mú un lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ti rí i. Mo bi í pé kí ló wá sọ. Ó ní ìyá mi kì í ṣe ọmọdé, ó sì ń fá pákó rẹ̀ lọ. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ìyá mi, ó sì bí mi sí ara mi jù, torí mo mọ ẹni tó ní kó dúró síbi tó wà.

Mo bá ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kun bàtà ogun rẹ̀. Mo bi í bóyá nítorí ọ̀rọ̀ mi ni.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí," ó ní, "ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Níbẹ̀, tí mo bá jí, mo mọ iṣẹ́ tó kàn mí. Níbí, ìwọ àti bàbá ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé láìsí mi. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ro ọbẹ̀. Inú irú àpò sìmẹ́ńtì yẹn ni wọ́n gbé àdó olóró tó pa awakọ̀ iwájú mi sí. Mo mọ̀ pé àpò lásán ni tọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbà."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wọn nílé ìwòsàn. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Ó ní nígbà tí wọ́n ń tú àwọn ká, wọ́n ní ẹnì kan máa pe oníkálukú. Wọ́n ti pe gbogbo ẹlẹgbẹ́ òun. Wọn ò pe òun. Ó ní bóyá wọ́n wò ó pé ọ̀rọ̀ òun ò tó nǹkan, òun ò sì lè máa tọrọ ìtọ́jú bí alágbe.

Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé.

"Wọ́n pè yín, Màmá. Èmi ni mo gbé e. Mo ní àlàáfíà lẹ wà."

Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo tiẹ̀ fẹ́ kó gbá mi.

"Wọ́n pè mí?" ló ní. Mo ní wọ́n pè yín. Ó fi ọwọ́ bojú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi rò pé wọ́n ti gbàgbé òun, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fà á ló ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ọmọ kíláàsì mi méjì rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún èkejì. Ó ká mi lára, mo sì wọlé. Bàbá mi tí kì í sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe lè bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo nǹkan ti dára. Ìyá mi ò tíì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn, kò sì tíì fà á ya. Dókítà ní ìtọ́jú náà máa gba oṣù bíi mélòó kan. Èmi náà ń ka ìwé báyọ́lọ́jì kan náà lẹ́ẹ̀kejì, inú ṣì ń bí mi.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa mẹ́ta la dákẹ́ nílé wa, ṣùgbọ́n tèmi ló burú jù, torí mo tún pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Bí ẹni yín bá ti ibi tó le dé, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlé, ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Ẹ má ṣe tìtorí ohun tí aráyé máa sọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Mo ti ilẹ̀kùn yẹn, ọdún kan ló bá a lọ. Díẹ̀ ló kù kí ìyá mi náà bá a lọ.